Ìpà Tí Wọ́n Ṣí fún Alààyè

Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ ti wúkọ́ tán, kí ẹni tó bá sì fẹ́ jáde ti jáde, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí ọdẹ fi ń gba ẹmu lọ́wọ́ olùgbọ́. Mo ti pa ẹfọ̀n rí. Mo ti ko ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró kan tí kò gba ẹni méjì, ẹkùn ló sì yà fún mi. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi yí padà níwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Inú ló ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú náà sí.

Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi, ọdẹ ìlú Ìdí-Ọsẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni èmi àti Àwẹ̀ró ìyàwó mi bí, Ọdẹ́níran ni a sọ ọ́. Mo kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ títí ó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò sì ní í sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Paramọ́lẹ̀ ló bù ú ṣán létí odò, níbi tó ti ń fọ ẹran tó pa. Kí wọ́n tó gbé e délé, ó ti lọ. Kò tíì láya, kò tíì bímọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀, èmi náà kò ní í sọ ọ́ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí a kò bí sí ilé ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípà fún un. Wọ́n á kó ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e wọ igbó, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á sì máa bọ̀ wálé láìwẹ̀yìn. Ìgbà náà ni òkú yóò tó mọ̀ pé òun kì í ṣe ara wa mọ́. Bí wọn kò bá ṣe é, yóò máa rìn láàárín àwọn alààyè kiri, kò ní í ríbi lọ, kò sì ní í ríbi jókòó sí. Ní ìlú tiwa, igbó tí a ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ ni à ń pè ní Igbó Àìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ, òbí kò gbọdọ̀ fojú kan ẹrù náà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sínú yàrá, tí mo kọjú sí ògiri, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ wá kó ẹrù ọmọ mi. Àbúrò mi Ọdẹ́yalé ló ṣáájú wọn. Ìbọn méjì ló wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan náà ló rọ méjèèjì, ojú kan náà ni a sì ń gbé wọn kọ́ sí. Omijé kún ojú Ọdẹ́yalé. Ìbọn mi ló gbé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo rí i pé ìbọn ọmọ ló ṣẹ́kù, mo gbọ̀nà ilé Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa.

"Bàbá, àṣìṣe ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn mi ni wọ́n gbé lọ."

Ó fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí rẹ̀ pẹ́ títí kó tó dá mi lóhùn. "A kì í ṣí ìpà kan lẹ́ẹ̀mejì, Ọdẹ́gbàmí. Ẹrù tí a sọ̀ sílẹ̀ tí a kò wẹ̀yìn wò, ta ló fẹ́ padà lọ gbé e?"

"Ìpà ta wá ni ẹ ṣí, Bàbá? Tèmi ni àbí ti ọmọ?"

"Ẹnu rẹ ni ìyẹn ti jáde, kò jáde lẹ́nu mi. Fi sùúrù sí i."

Mo lọ bá Ọdẹ́yalé, ó sunkún, ó ní kí n fi sùúrù sí i. Mo lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ru apẹ̀rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n fi sùúrù sí i. Bí sùúrù bá jẹ́ iṣu, ohun tí mo gbà lọ́jọ́ náà ìbá kún àká.

Mo gbé ìbọn ọmọ mi, mo wọ igbó lọ bí mo ti máa ń ṣe. Ọ̀yà kan jáde nínú koríko, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá bí ẹni pé gbòǹgbò igi ni mo jẹ́. Mo rí etu kan ní ibi tí mo lè na ọwọ́ kàn án. Mo yìnbọn sí i. Ìbọn dún, èéfín bo ojú mi, ìgbà tí èéfín náà ká kúrò, etu náà mi etí rẹ̀, ó sì ń jẹ ewé rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀bọ ń wá iná orí ara wọn lókè orí mi, wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò mí. Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí ẹran kò sá fún, kí ni ó ń ṣe nínú igbó? Mo darí wálé, ajá tí mo tọ́ láti kékeré gbóòórùn mi, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró.

Ilé náà kò rọgbọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, a óò gbọ́ ẹni tó ń gbọn ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, bí Ọdẹ́níran ti máa ń gbọn eruku kó tó wọlé. Èmi kì í rí ẹnikẹ́ni. Omi inú àmù á sì dín. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sílẹ̀, ó ń jókòó tì í títí oúnjẹ náà á fi tutù, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ. Ó ń gbẹ lójú mi bí ewé kókò tí oòrùn pa. Kì í bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé bí mo bá jẹ́ kí nǹkan wà bẹ́ẹ̀, òkú ilé mi kò ní í jẹ́ ẹyọ kan.

"Mo fẹ́ lọ pààrọ̀ ìbọn náà," ni mo sọ fún un.

"Kí ẹ lè pa á lẹ́ẹ̀kejì?"

"Àwẹ̀ró, ọmọ yìí ti kú."

"Ta ló wá ń mu omi mi?"

Àwẹ̀ró tún ìró ró, ó gbé ìborùn rẹ̀ lé èjìká. "Bí ẹ bá ń lọ, mò ń bá yín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lé e kúrò nílé mi, ìṣojú mi ni yóò ti ṣe é."

"Obìnrin kì í wọ Igbó Àìwẹ̀yìn."

"Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú náà kì í wọ̀ ọ́. Baálé mi, ta ló ń tan ta?"

Báyìí ni a ṣe jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo fi aṣọ di ìbọn ọmọ, mo gbé e kọ́ èjìká. Àwẹ̀ró kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ àyàfi ìbínú rẹ̀.

Ní ẹnu igbó náà ni a ti bá Olójú-Èjìká. Ẹ má ṣe rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Orí rẹ̀ rí ródóródó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kò ní ojú, kò ní imú. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ní ojú kan, tòsì ní ojú kan, ọ̀kan ń sùn nígbà tí èkejì bá ń ṣọ́nà. Àyà rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó ti rí wa, ó jí ojú èkejì, ó sì tẹrí ba fún ìyàwó mi.

"Opó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún olóògbé." Ó wá yí èjìká sí mi. "Ìwọ, kọjá. Òkú kì í san owó ibodè."

"Ta lò ń pè ní òkú?"

"Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé."

"Èmi nìyí, mò ń mí."

"Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń mí."

"Mò ń rìn."

"Odò ń rìn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí bàbá rẹ."

"Inú ń bí mi!" ni mo fi igbe ta.

"Ìjì ń bínú jù ọ́ lọ, ó ń wó ilé, ìwọ kò wó nǹkan kan. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló wà láàyè? Gbọ́, ọdẹ. Ọdẹ alààyè ni ẹni tí nǹkan kan ń sá fún. Kí ló ń sá fún ọ?"

Òkété kan yọ lábẹ́ ewé lásìkò náà gan-an, ó wá jókòó sórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ó ń fọ ojú rẹ̀. Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yà á lẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà wálé.

"Ó tó," ni Olójú-Èjìká wí. "Alààyè ló ń san owó ibodè, opó, ẹ sì ti san án. Ó pẹ́ tí alààyè ti rẹ́rìn-ín níbí. Ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀yìn."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ fojú inú wò ó. Ọdẹ tí ẹkùn yà fún ni wọ́n jẹ́ kó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ bí òkú, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì kí bí ẹni ńlá. Mo ń kùn bí oyin lọ́nà. Gbogbo iwin tí a bá pàdé, yálà èyí tó gùn bí ọ̀pẹ tàbí èyí tó ń fi ìka ọwọ́ rìn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Opó, ẹ kú ìrọ́jú." Àwẹ̀ró ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "A dúpẹ́ o." Mo bi í pé kí ló ń dúpẹ́ fún. Ó ní, "Wọ́n kí mi. Nílé, àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn máa sọ."

A kò tíì rìn jìnnà tí òórùn ẹran yíyan fi dé imú wa. A yọ sí gbàgede kan. Àwọn ọdẹ jókòó yí iná ká, iná náà kò lóoru, èéfín rẹ̀ ń wọ ilẹ̀ lọ dípò kó máa gòkè. Mo mọ ojú púpọ̀ nínú wọn, èmi wà lára àwọn tó ru ẹrù àwọn kan nínú wọn. Ọdẹ́ṣọlá, ọ̀rẹ́ mi tí ẹfọ̀n pa nígbà tí àwa méjèèjì ṣì jẹ́ géńdé, ló kọ́kọ́ rí mi. Kò dàgbà rárá. Èmi tí mo ti hewú wá dúró níwájú ẹgbẹ́ mi bí bàbá rẹ̀.

"Ọdẹ́gbàmí! Mo sọ fún wọn pé o kò ní í pẹ́ dé. Ṣé ìbọn rẹ ṣì máa ń dún kí ẹran tó yọ?"

"Ìwọ tí ẹfọ̀n lé gun igi, tí o tún já bọ́ lé ẹfọ̀n náà lórí, ṣé ìwọ ló ń bi mí nípa ìbọn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dún bí ewé gbígbẹ tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọdẹ́ṣọlá ti àpótí kan síwájú mi. "Jókòó. Àpótí rẹ nìyí. Itan ẹran yìí, tìrẹ ni, a ti ń fi í dè ọ́ láti ọjọ́ tí ẹrù rẹ ti dé."

N kò ní í purọ́ fún yín, àpótí náà wù mí. Kò sí ẹni tó bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ tí ilé mi ti dàrú. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á dáwọ́ dúró. Níbí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ láti jókòó nígbà tí Àwẹ̀ró fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn débi pé ojú rírán rẹ̀ tú.

"Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú ìjókòó o," ni ó wí.

"Opó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"Ẹ gba àṣẹ̀yìndè yín padà ná. Ta ni nínú yín tó fẹnu kan oúnjẹ níbí kí ìyàwó rẹ̀ tó sunkún rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu olú mi orí. "Kò sí. Ẹkún opó ló ń ṣáájú oúnjẹ òkú."

"Ó dáa. N kò tíì sunkún ọkùnrin yìí. Ẹ wo ojú mi dáadáa. Inú rẹ̀ ló ń bí mi, n kò sì lè sunkún ẹni tí inú rẹ̀ ń bí mi. Ẹ gbé ẹran yín pamọ́."

Ọdẹ́ṣọlá bi í pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé, "Ìyàwó wa, nígbà wo ni inú yín yóò rọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń dúró de ìgbà náà."

Ẹ̀rín tún pa wọ́n. Àárín ẹ̀rín yẹn ni mo rí ọwọ́ kan tó ń tú kúrò ní ọrùn ọwọ́ mi. Ọwọ́ Ọdẹ́ṣọlá ni, ó tutù bí òkúta inú odò, n kò sì mọ ìgbà tó dì mí mú. Ibi tó dì mú náà kò lẹ́jẹ̀ títí a fi rìn jìnnà.

Bí a ti kúrò ní gbàgede náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn wa. Gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n. Ẹni kan ń gbọn eruku ẹsẹ̀.

"Ẹ má wẹ̀yìn," ni Àwẹ̀ró wí. "Òun ni. Ó ti ń tẹ̀lé wa láti ilé."

"Ṣé ìwọ ló ń tẹ̀lé ni?"

"Kì í ṣe èmi ló ń tẹ̀lé. Ìbọn rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Ẹ̀yin kò rí i, ṣùgbọ́n èmi ń rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bó bá ti mumi tán, ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Á máa fọwọ́ pa ògiri níbi tí ìbọn máa ń wà, láti òkè dé ilẹ̀, bí afọ́jú. Ìbọn kò sí níbẹ̀, ẹ ti gbé e wọ yàrá yín lọ. Á wá jókòó sílẹ̀, á dúró dè é."

Mo dúró lójú ọ̀nà. "O rí èyí, o sì jẹ́ kí n máa gbé ìbọn ọmọ náà kiri?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ óò gbé e fún un, yóò sì lọ."

Inú bí mi débi pé etí mi dí. N kò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi. A ń lọ, èmi níwájú, òun lẹ́yìn mi, ìró ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Inú igbó náà gan-an ni ibi tí ẹrù wà. Apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti jẹrà tán tó ku ẹnu ìbọn nìkan, àwọn tí olú hù bò, fìlà tí ẹyẹ ti fi ṣe ìtẹ́. Láàárín wọn ni òkìtì ikán kan wà tó ga ju èèyàn lọ. Èmi rò pé òkìtì lásán ni, àfìgbà tó mí kanlẹ̀. Ó ní ọmú méjì tó ti gbẹ, ó ní ẹnu, ikán sì ń wọ ẹnu náà, wọ́n ń jáde. Ìyá Agbẹrù nìyẹn, ẹni tó ń gba ẹrù gbogbo ọdẹ tó kú.

"Opó, ẹ kú ìrọ́jú," ni ó wí. "Ìwọ òkú, ẹrù rẹ ti dé, ó pé. Kí lo tún ń wá?"

"Kò pé, Ìyá. Àpò, fìlà àti ẹ̀wù, ti ọmọ mi ni. Ìbọn nìkan ni tèmi."

"Ìbọn ni ọdẹ. Àpò kò pa ẹran rí."

"Mo mú ìbọn tirẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀."

"Ta ni yóò fi í sínú apẹ̀rẹ̀? Ìwọ ni bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni ìyá rẹ̀. Èèwọ̀ ni."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí. Mo ti gbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ ilé."

Òkìtì náà mì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bó ti wà nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ìwọ wà lọ́dọ̀ mi, òun wà nílé. Bi ìyá rẹ̀ bóyá ilé bá a lára mu."

Mo dúró kí Àwẹ̀ró jà. Mo ti mọ ohun tí yóò sọ. Kò sọ ọ́. Ó tú aṣọ tí mo fi di ìbọn náà, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ìbọn láti ìdí dé ẹnu, ó nu ibi tí ọwọ́ ọmọ náà ti máa ń dì í mú pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kò jẹ oúnjẹ mi rí," ni ó wí. "Kò dá mi lóhùn rí. Ẹ gbé e fún un."

Mo yí padà sí òkìtì náà. "Ìyá, ẹ ṣàánú wa."

"Ẹ padà lọ mú ọ̀dọ́ ọdẹ kan wá tí kì í ṣe òbí rẹ̀."

"Wọn kò ní í wá. Wọ́n ní a kì í wẹ̀yìn."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Olúọ́dẹ ní kí n fi sùúrù sí i."

"Òun náà sọ òótọ́. Fi sùúrù sí i."

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ yẹn ló já okùn ọkàn mi. Mo ti gbọ́ ọ nílé, mo ti gbọ́ ọ lóde, mo tún wá gbọ́ ọ lẹ́nu ikán. Mo gbé ẹsẹ̀ lé orí apẹ̀rẹ̀ ọmọ mi, mo pariwo.

"Ó tó! Ẹ yan ọ̀kan. Láti ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti ń pè mí ní òkú. Bí mo bá wà láàyè, ìbọn alààyè ló wà lọ́dọ̀ yín, olè ni yín, ẹ dá a padà. Bí mo bá sì ti kú, òkú kì í ṣe òbí ẹnikẹ́ni, èèwọ̀ òbí kò mú mi, n óò gbé ẹrù tó bá wù mí. Èwo ni?"

Àwọn ikán dúró lójú kan. Wọn kò wọlé, wọn kò jáde.

"O gbọ́n," ni Ìyá Agbẹrù wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni yóò sọ ọ́, kò ní í jẹ́ tèmi. Sọ ọ́ sókè kí gbogbo ẹrù tó wà níbí gbọ́. Bàbá ta ni ọ́?"

Mo gbọ́ èémí Àwẹ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó dúró lẹ́yìn wa. Bí mo bá fẹ́ rò ó, n kò ní í lè sọ ọ́, nítorí náà n kò rò ó.

"Èmi kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni," ni mo wí.

Ẹnì kan wá gba àárín èmi àti ìyá rẹ̀ kọjá láti ẹ̀yìn, ara rẹ̀ tutù bí ìrì. Ọmọ mi ni. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ejò bù ṣán ti dúdú dé orúnkún, ó sì ń wọ́ ọ. Àwẹ̀ró ki ìborùn bọ ẹnu ara rẹ̀ kó má baà pè é. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ewé. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, mo gbé ìbọn náà lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Ó wá gba ẹ̀yìn òkìtì lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ìbọn tèmi yọ lábẹ́ àpò. Ìyá Agbẹrù kígbe. "Ìwọ òkú, kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́!"

"Ìpà kan kì í ní ìbọn méjì!" ni mo dá a lóhùn, mo di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, a sì fẹsẹ̀ fẹ. Òkìtì náà fọ́ lẹ́yìn wa bí ìkòkò. Ìjàlọ ló tú jáde, ilẹ̀ dúdú, ó ń hó bí omi tó ń sè. Wọ́n gun ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń já mi jẹ, ìrora náà dùn mọ́ mi nínú nítorí òkú kì í mọ̀ bí ìjàlọ bá já a jẹ. Àwọn tó jókòó yí iná ká nawọ́ sí wa, Ọdẹ́ṣọlá ń pè mí lórúkọ, mo sì fi ìdí ìbọn gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Olójú-Èjìká kò tilẹ̀ kí wa. A bọ́ síta nínú oòrùn, a kò dúró títí a fi dé etí odò tó pààlà igbó àti oko.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró jókòó sí. Ó bọ́jú, ó sì sunkún gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń sunkún, n kò sì sọ pé kó dákẹ́. Nígbà tó sun ún tán, ó ń ṣa ìjàlọ kúrò lára ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú mi.

"Pé ẹ kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni, ó yá yín lẹ́nu jù," ni ó wí.

"Ẹjọ́ ni mò ń rò, Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lásán ni. Bí n kò bá sọ ọ́, ibẹ̀ ni à bá ṣì wà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ."

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìwọ náà rí i. Ọmọ kì í dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ní bàbá."

Ó ju ìjàlọ tó kẹ́yìn sínú odò, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Gbogbo àgbà ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ó ṣáájú mi gbọ̀nà ilé. Mo ti wá èsì sí ọ̀rọ̀ yẹn títí, n kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, tí ẹ sọ pé ẹ gbọ́n, ẹ bá mi dá a lóhùn.